Kọ̀ǹkọ̀sọ̀ Ìyá Mi Lára Ògiri ní Tunis

Ayn Rummana,
Àlàmísì, lẹ́yìn òjò.

Sihem ọmọ mi,

Sàláámù aléékúmù. Mo kí ọ, mo kí ilé tí o ń gbé, mo kí àtẹ̀gùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí o ń gùn kí o tó dé yàrá rẹ, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yọ̀ lórí wọn. Bá mi kí onílé rẹ bí inú rẹ̀ bá ti rọ̀, bí kò bá sì tíì rọ̀, má wulẹ̀ sọ fún un pé mo kí i. Ṣé o ń sùn dáadáa? Ṣé oúnjẹ tí o ń jẹ ní òróró nínú, àbí búrẹ́dì gbígbẹ lo ṣì ń jẹ lórí ìrìn? Ọlọ́run tó mú igi ólífì dúró lórí àpáta láìsí ẹni tó ń bomi rin ín, Òun ni kó mú ìwọ náà dúró. Àmín.

Tiwa kò burú, a dúpẹ́. Ìyá rẹ ń kí ọ. Orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ti sàn, ti òsì ló kù, ó ní jowújowú ni ti òsì ń ṣe. Àgùntàn dúdú ti bí ìbejì, akọ kan, abo kan, ó sì gba àwọn méjèèjì mọ́ra. Ọmọ Tayeb aládùúgbò wa fi fóònù ránṣẹ́ sí i láti Sfax, èyí tí kò ní nǹkan títẹ̀ kankan lára. Tayeb máa ń fi itọ́ nù ún kó lè máa dán, bó bá sì ti ń nù ún ni fóònù náà ń pe àwọn ènìyàn fúnra rẹ̀. Ó pe olórí abúlé nígbà mẹ́ta ní ọjọ́ Jímọ̀, lásìkò ìwáàsù. Mo ní bóyá ó ní ohun tó fẹ́ sọ.

Kí lẹ́tà yìí tó lè kúrò níbí, akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ fún mi ní fọ́ọ̀mù kan, ó ní ìlànà tuntun ni. Wọ́n béèrè iṣẹ́ mi, mo kọ ọ́ pé ó ń dín kù. Wọ́n béèrè ipò ìgbéyàwó, mo kọ ọ́ pé ó tòrò, àfi ìgbà tí mo bá gbé bàtà ẹlẹ́rẹ̀ wọlé. Ibi tí wọ́n ní kí n buwọ́ lù kéré débi pé Laru nìkan ló gbà, si kù síta, akọ̀wé ní kò burú. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ pé ta ni Laru, èmi ni.

Ó yá, jẹ́ ká sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ ní o béèrè lórí fóònù pé kí ni mo wá ṣe ní Tunis, ta ló mú mi dé ibẹ̀, kí ló sì dé tí mo pa dà láìjẹ́ kí o fojú kàn mí. O ní kí ó fún mi ní fóònù, mo ṣẹ́wọ́ sí i pé ohùn mi ti há. Irọ́ ni. Ohùn wà. Ọ̀rọ̀ náà ló gùn, bẹ́ẹ̀ fóònù ìyá rẹ kò ní sùúrù, bí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ dé ibi tó ṣòro, yóò dún tíín, yóò sì kú. Ìwé kì í kú. Nítorí náà, wá ibi jókòó sí.

O rántí Iléyá tó kọjá. Èmi náà rántí. O wọ yàrá ẹ̀yìn tí mo ti tì pa láti ọjọ́ tí a ti sin ìyá mi, òwúrọ̀ mẹ́ta gbáko lo lò níbẹ̀, o jáde pẹ̀lú òwú aláǹtakùn lórí, ò ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rí wúrà. Kí lo kó jáde? Kọ̀ǹkọ̀sọ̀ ìyá mi, àlùmọ́gàjí tó fi ń rẹ́ irun àgùntàn tí ìpẹtà ti jẹ, òòyà onírin tó fi ń ya irun náà kó tó ran án ní òwú, kọ́kọ́rọ́ mọ́kànlá tí ilẹ̀kùn wọn kò sí láyé mọ́, àti àtùpà tí kò nígò. O tẹ́ gbogbo rẹ̀ sí àgbàlá, o bẹ̀rẹ̀ sí í yà wọ́n sínú ìwé. Gbogbo ẹni tó ń lọ sí ìsun omi ló ń dúró wò ọ́. Ìyàwó Tayeb ní ọmọ Larusi kàwé kàwé, ó kà á dé orí ààtàn.

Bẹ́ẹ̀ mo ti bá ọkùnrin ará Kairuwan tó ń ra àlòkù sọ ọ́, mo ti ní kó wá kó gbogbo ohun tó wà nínú yàrá náà lọ lọ́sẹ̀ yẹn. Ìwọ ní rárá, o fẹ́ kó wọn lọ sí Tunis, o fẹ́ fi wọ́n ṣe iṣẹ́ ọnà. Mo ní ọnà wo ni wọ́n ń fi ìpẹtà ṣe. O ní mi ò wò wọ́n dáadáa. Mo ní èmi tí mo dàgbà láàárín wọn, èmi ni mi ò wò wọ́n? Ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀. Níwájú àwọn àlejò tó wá jẹ ẹran Iléyá, mo ní ẹni tó bá mú abẹ́rẹ́ lásán jáde nínú yàrá ìyá mi, ọlọ́pàá ni n ó fi mú un. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, o ti lọ, àwọn ẹrù náà ti bá ọ lọ, oúnjẹ rẹ sì wà nínú àwo bí ìyá rẹ ṣe bù ú.

Mo pe olórí abúlé wá sílé, mo rojọ́ rẹ fún un. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kó ṣe nǹkan kan o. Mo kàn ń wá ẹni tó máa bá mi bínú ni. Ó mu tíì wa, ó ní òun ti gbọ́, ó lọ. Mo rò pé ó ti parí síbẹ̀.

Àfi bó ṣe di oṣù kẹrin tí ìwé kan dé, àpò ìwé funfun tó nípọn, orúkọ mi wà lára rẹ̀. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Ìwé Lárúbáwá ni èmi kọ́ ní kíláàsì àwọn àgbàlagbà, nítorí náà mo gbé e lọ bá Tayeb tó fọ abọ́ fún ọdún mẹ́sàn-án ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Sousse, ó gbọ́ Faransé dé ìwọ̀n tí abọ́ gbọ́ ọ. Ó gbé awò sójú. Ó ní wọ́n pè mí, ní ọjọ́ Sátidé, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ó ní orúkọ Sihem ló wà lókè gàdàgbà yìí. Ó ní àwọn ẹrù kan tí wọ́n rí nínú ilé ìdílé, wọ́n fẹ́ tú wọn síta lójú gbogbo ènìyàn. Mo bi í pé ibo ni wọ́n ti ń tú ẹrù ẹni síta lójú gbogbo ènìyàn. Ó yọ awò rẹ̀.

Ó ní, “Larusi, kóòtù ni.”

Sihem, mo já ìwé náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnu èmi fúnra mi ló pe ọlọ́pàá, ọlọ́pàá sì ti gbọ́. Mo sáré tọ olórí abúlé lọ pé mo ti gba ẹjọ́ mi pa dà, ó bi mí pé ẹjọ́ wo? Mo rò pé ó ń dọ́gbọ́n fi ara rẹ̀ pamọ́ ni. Ìyá rẹ wo ìwé náà lọ wò ó bọ̀, ó ní kóòtù wo ló máa ń ya òdòdó sí etí ìwé rẹ̀. Mo ní ìjọba ti ń lajú. A pè ọ́ lórí fóònù. Obìnrin kan ló gbé e, ó ní a kò lè bá ẹni tí a ń pè sọ̀rọ̀. Mo bi í pé ta ló fún un ní fóònù ọmọ mi, ọ̀rọ̀ kan náà ló tún sọ, kò tilẹ̀ mí. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé o ti wà lọ́wọ́ wọn.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, mo wọ búrúnúsì, aṣọ ìlékè onírun tí mo fi ṣègbéyàwó. Mo mú káàdì ìdánimọ̀ mi, ìwé ilé, àti ìwé ikú ìyá mi, kí wọ́n lè rí i pé ẹni tó ni ẹrù kò sí láyé láti fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Mo wọ yàrá ẹ̀yìn, mo rí òòyà kejì lẹ́yìn ìkòkò òróró, nítorí méjì méjì ni òòyà irun àgùntàn máa ń jẹ́, mo rò pé ìwọ kò mọ̀ ni o ṣe kó ẹyọ kan. Mo fi í sábẹ́ aṣọ bí ẹ̀rí. Ìyá rẹ di búrẹ́dì ọkà bálì àti ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ, torí a gbọ́ pé oúnjẹ ẹ̀wọ̀n kì í ní iyọ̀.

Láti ibi tí ọkọ̀ èrò ti gbéra títí a fi wọ Tunis, adájọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀ nínú ọkàn mi. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, mo fi ìwé náà han ọlọ́pàá kan ní ìkóríta, ó kà á, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó na ọwọ́ sí òpópó kan, ó sì kí mi ní kíkí ọlọ́pàá. Mo ní áà, ẹjọ́ náà ti lókìkí.

Mo bá ilé funfun kan. Kò sí àsíá níwájú rẹ̀, kò sí ẹ̀ṣọ́, obìnrin kan ló wà níbẹ̀ tó ń nu ilẹ̀, ó ní Zakiya ni òun ń jẹ́. Mo kí i, mo ní èmi ni bàbá Sihem. Ó ní háà, ẹ káàbọ̀ Bàbá, Sihem ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ ra ìṣó àti okùn ni. Mo ní ṣé wọ́n máa ń jẹ́ kó jáde ni? Ó ní ta ló máa dá a dúró, àmọ́ ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí kò ti kúrò níbí lọ sùn sílé. Ọjọ́ mẹ́ta! Mo gbé àpò oúnjẹ fún un, mo bẹ̀ ẹ́ kó fi lé ọ lọ́wọ́ bí òfin bá gbà. Ó ní Ọlọ́run á san án fún mi, o ò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láti àárọ̀. Bí ọ̀pọ̀tọ́ yẹn ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ nìyẹn.

Mo yọjú wo inú yàrá, mo rí ẹrù ìyá mi lára ògiri, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́mbà tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní ó ti parí, wọ́n ti ka gbogbo rẹ̀ sí ọ lọ́rùn. Ní ẹnu ọ̀nà, ìwé ńlá kan wà lórí tábìlì, kò tíì sí ohun tí ẹnikẹ́ni kọ sínú rẹ̀, wọ́n sì fi okùn so bírò mọ́ ọn. Ìwọ náà mọ̀ pé ìjọba nìkan ló máa ń so bírò mọ́lẹ̀. Mo bi Zakiya bóyá ibẹ̀ ni ènìyàn ń kọ̀wé sí, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, kí n kọ ohun tó bá wà lọ́kàn mi. Mo jókòó, mo kọ ọ́. O ti kà á, àmọ́ n ó tún un kọ síbí, kó lè wà ní ọwọ́ rẹ:

“Èmi Larusi, káàdì mi wà lápò mi bí ẹ bá fẹ́ wò ó. Gbogbo ẹrù tó wà lára ògiri yìí, ti Mannubiya ìyá mi ni. Ọmọ mi kò jalè. Èmi ni mo fún un, tọkàntọkàn. Bí ẹnìkan bá gbọ́dọ̀ ṣẹ̀wọ̀n, èmi rèé, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ gbẹ̀bí àgùntàn mi.”

Zakiya wá láti kà á. Ó kà á tán, ó dojú korobá rẹ̀ délẹ̀, ó jókòó lé e. Ó ní, “Bàbá, kò sí adájọ́ níbí. Iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ yín ni wọ́n ń bọ̀ wá wò.” Ó wá ṣàlàyé rẹ̀ fún mi látòkèdélẹ̀, pé àwọn ènìyàn máa múra, wọ́n á wá láti ìgboro, wọ́n á dúró síwájú kọ̀ǹkọ̀sọ̀ ìyá mi, wọ́n á máa wò ó, kò sì sí ẹni tó máa rán wọn níṣẹ́. Kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo bi í bóyá mo lè ya ojú ewé náà kúrò ló tó rẹ́rìn-ín, ó ní bí mo bá fọwọ́ kàn án, òun fúnra òun á pe ọlọ́pàá.

Nígbà náà ni mo wọlé, tí mo wò wọ́n.

Mo rí àwọn kọ́kọ́rọ́, bí o ṣe fi òwú so wọ́n rọ̀, tí o sì ya ilẹ̀kùn sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta nínú àwọn ilẹ̀kùn yẹn, mo mọ̀ wọ́n, n kò mọ bí o ṣe mọ̀ wọ́n. Mo rí ọwọ́ ìyá mi tí o fi èédú yà. Ìka àárín ọwọ́ òsì rẹ̀ wọ́ díẹ̀, ìwọ yà á gún. O kéré nígbà tó kú. Má tún un ṣe o, mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ ni. Mo sì dé ibi kọ̀ǹkọ̀sọ̀, níbi tí o gbé e síwájú iná tí òjìji ihò rẹ̀ bo gbogbo ògiri, kékeré kékeré, bí ìgbà tí òjò ń bọ̀ láti orí òkè tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa.

Sihem, mi ò sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ọ rí, ìyá rẹ nìkan ló mọ̀ ọ́n. Nígbà tí bàbá mi kú, kọ̀ǹkọ̀sọ̀ yẹn ni ìyá mi gbé kọ́rùn tó ń ti ilé dé ilé, tó ń bá àwọn tó ní ọkà ku ìyẹ̀fun. Ìyẹ̀fun ni tiwọn. Èèrí tó bá ṣẹ́kù lójú kọ̀ǹkọ̀sọ̀ ni owó ọ̀yà rẹ̀. Búrẹ́dì èèrí la jẹ dàgbà. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní ilé kéú, Ọmọ Eléèrí ni wọ́n ń pè mí, àwọn mìíràn nínú wọn ṣì wà láyé, a jọ ń kírun. Ọjọ́ tí mo tì í sínú yàrá, ohun tí mo tì mọ́lẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí o gbé e jáde sí oòrùn lójú gbogbo abúlé, kì í ṣe ìpẹtà ló bí mi nínú.

Mo dúró níwájú rẹ̀ títí Zakiya fi gbé àga wá. Mo wá rí i pé o gbé e kọ́ lódì. Ibi tí ìyá mi fi ìfun ewúrẹ́ lẹ̀ ẹ́ nígbà tó ya, òkè lo kọ ọ́ sí, níbi tí iná ò dé. Zakiya ní ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, a kì í fọwọ́ kàn án. Mo ní tìyá mi ni. Mo yí i pa dà. Ibi ìlẹ̀mọ́ náà hàn lára ògiri, gbòòrò, pẹ̀lú gbogbo ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀, mo lè kà wọ́n. Zakiya wò ó, kò tún sọ pé kí n dá a pa dà. Bí ó bá ba iṣẹ́ rẹ jẹ́, má bínú. Òòyà kejì wà lọ́dọ̀ Zakiya. Mi ò gbé e kọ́, torí èyí tí o fi èédú yà sí ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́ dára ju òun gan-an lọ.

Zakiya ní kí n dúró de àwọn àlejò. Mo ní àgùntàn mi fẹ́ bímọ. Òótọ́ ni, àmọ́ òótọ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan ni. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo kó jọ lójú ọ̀nà, adájọ́ ni mo kó wọn jọ fún. Mi ò ní ẹyọ kan tó jẹ́ tìrẹ. Mo sì rí ọ. Bí mo ṣe yà sí ìkóríta, ìwọ ń bọ̀ láti òdìkejì, okùn ní èjìká, ò ń yára, ò ń dá sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyá mi ti máa ń dá sọ̀rọ̀ bó bá ń ronú iṣẹ́. Mo dúró sẹ́yìn ọmọlanke ọlọ́sàn kan títí o fi wọlé. Ọlọ́sàn náà bi mí pé ta ni mò ń sá fún. Mo ní ọmọ mi ni. Ó fún mi ní ọsàn kan, mo jẹ ẹ́ nínú ọkọ̀, ọsàn náà dùn.

Nítorí náà ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní ọjọ́ Iléyá, mo ti gbà á pa dà. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ tipẹ́. Mo gbà á pa dà lójú àwọn tó gbọ́ ọ pẹ̀lú, wọ́n ń mu tíì lọ́wọ́, mo dìde dúró, mo sọ ọ́. Ará Kairuwan tí kò wá lọ́sẹ̀ Iléyá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun láti kó ohun tó kù nínú yàrá, mo ní kó pa dà, ó ní ṣé mo ti rí ẹni tó fún mi ju bẹ́ẹ̀ lọ ni, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyàwó Tayeb sì ti gbé kẹ́tùrù tó jò wá, ó ní ṣé kò lè bá tiwa lọ sí Tunis. Mo ní kì í ṣe gbogbo ìpẹtà ló yege ìdánwò. Àmọ́ ó ti gbé e sílẹ̀ lọ, ó wà ní ẹnu ọ̀nà wa.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ tọrọ. Zakiya ní ẹni tó ń ya àwòrán kì í lè ṣe é láìsí ìmọ́lẹ̀. Mo ti dá ògiri yàrá ẹ̀yìn lu ní ìhà ìlà oòrùn, mo ti ṣe ojú fèrèsé sí i, mi ò béèrè lọ́wọ́ rẹ, ó ti lu ná. Gíláàsì ni kò sí. Gíga rẹ̀ jẹ́ apá mi méjì láti ìgbúnwọ́, fífẹ̀ rẹ̀ tó apẹ̀rẹ̀ tí adìyẹ pupa ń sàba sí. Bí ọwọ́ rẹ bá ṣí, fi owó gíláàsì ránṣẹ́ nípasẹ̀ awakọ̀, má fi í gba inú ẹ̀rọ tó wà lára ògiri báńkì, ó gbé káàdì Tayeb mì lóṣù tó kọjá, Tayeb ń lọ kí i láràárọ̀, kò tíì pọ̀ ọ́. Bí kò bá sì sí owó, aṣọ la ó ta sí i, kò sí ìjà.

Ọlọ́run kó fi ọgbọ́n kún ọwọ́ rẹ. Ohun tí o bá mú nílẹ̀ kó di ohun tí ojú ń wá wò. Kí o má ṣe ṣìnà, kí o má ṣe sùn lébi, kí ojú má ṣe tì ọ́ nítorí wa. Àmín, láṣẹ Ọlọ́run.

Ìyá rẹ ti gbá yàrá náà. Mi ò tì í mọ́. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ máa ń gbéra ní Tunis lẹ́yìn àdúrà àárọ̀, apá ọ̀tún ni kí o jókòó sí, kí oòrùn má bàa pa ọ́ lójú.

Èmi ni bàbá rẹ,
Larusi